Fífi Ìkọ́ Tírélà Sábẹ́ Mazda Miata: Ìbéèrè àti Ìdáhùn

Kí ni ẹni tó ra Miata fẹ́ fi tírélà ṣe?

Miata jẹ́ ọkọ̀ eré kékeré tó gba ènìyàn méjì péré. Táyà ló fa gbogbo rẹ̀. Ẹni tó bá ń lọ sí autocross ní Amẹ́ríkà, níbi tí wọ́n ti ń to kóònù sórí ilẹ̀ tó tẹ́ rẹrẹ kí ọkọ̀ lè máa sáré láàárín wọn ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, kì í pẹ́ kó tó ra táyà kejì. Èyí tó ń wà lọ síbi iṣẹ́ yàtọ̀, èyí tó fi ń díje yàtọ̀. Táyà ìdíje rọ̀, ó sì ń lẹ̀ mọ́ ilẹ̀. Bí ẹ bá wà á lọ síbi ìdíje tó jìnnà, yóò ti jẹ kí ẹ tó débẹ̀, òjò sì lè mú kó máa yọ̀. Gbígbé ni wọ́n ń gbé e lọ.

Lẹ́yìn táyà ni jáàkì ń bọ̀, àpótí irinṣẹ́, kánópì, àga, kúlà omi, kẹ́ẹ̀gì epo. Búùtù Miata ND, ìran kẹrin ọkọ̀ náà, èyí tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ọdún 2016, gba lítà 130 péré. Àwọn kan ń kó táyà méjì sórí àga èrò, wọ́n á de méjì tó kù mọ́ orí búùtù. Ó ṣeé ṣe, àmọ́ ẹ ò ní lè gbé ẹnikẹ́ni, bẹ́ẹ̀ ni ẹ ò ní rí ẹ̀yìn dáadáa.

Ṣé Miata lágbára tó láti fa nǹkan?

Ẹ́ńjìnnì kọ́ ni ìṣòro. Èyí tó kéré jù nínú àwọn tí wọ́n tà ní Amẹ́ríkà, lítà 1.6 tó wà nínú Miata àkọ́kọ́, lè fa ẹrù 500 páùn láìjanpata. Ibi tí ọ̀rọ̀ wà ni bíréèkì tó gbọ́dọ̀ dá ọkọ̀ àti ẹrù dúró pọ̀, ẹ̀yìn ọkọ̀ tó fúyẹ́, àti irin tí ẹ fẹ́ di ìkọ́ mọ́. Ọkọ̀ tó wọn nǹkan bí 2,100 sí 2,500 páùn ni à ń sọ, kì í ṣe pick-up.

Kí ni Mazda fúnra rẹ̀ sọ?

Ìwé tó bá ọkọ̀ náà wá ní Amẹ́ríkà sọ pé wọn kò ṣe é fún fífa tírélà, kí ẹ má sì fà á. Ọ̀rọ̀ náà ṣe kedere, kò ní àbùjá. Gbogbo ẹni tí ẹ bá rí tó ń fa tírélà táyà lẹ́yìn Miata, ọrùn ara rẹ̀ ló gbé e kọ́, kì í ṣe ọrùn Mazda.

Àwọn tó ń ṣe é pọ̀, ọdún tí wọ́n sì ti ń ṣe é pọ̀ pẹ̀lú. Ìyẹn kò sọ ọ́ di ohun tí ilé-iṣẹ́ fọwọ́ sí. Tí ọ̀rọ̀ inú ìwé bá ti tó yín, ẹ ra àgbékà orí búùtù tàbí kí ẹ bẹ ọ̀rẹ́ tó ní pick-up. Ìdáhùn tó tẹ̀ lé èyí wà fún ẹni tó ti kà á, tó mọ ohun tó ń ṣe, tó sì fẹ́ ṣe é dáadáa.

Irú ìkọ́ wo ló yẹ?

Class I. Òun ló kéré jù nínú ìpín tí wọ́n ń lò ní Amẹ́ríkà: tírélà àti ẹrù rẹ̀ kò gbọ́dọ̀ ju 2,000 páùn lọ, ohun tí imú tírélà ń tẹ̀ sórí bọ́ọ̀lù, ìyẹn irin roboto tí ẹnu tírélà ń gbá mú, kò sì gbọ́dọ̀ ju 200 páùn. Ihò rẹ̀ onígun mẹ́rin, níbi tí irin ìdúró bọ́ọ̀lù ń wọ̀, jẹ́ íǹṣì kan àti ìdámẹ́rin. Ẹ má wá ihò íǹṣì méjì kiri nítorí pé ó rí gìrìwò. Irin tó wúwo jù lẹ́yìn ọkọ̀ kékeré kò ṣe é láǹfààní kankan.

Ẹ jọ̀wọ́, 2,000 páùn tí wọ́n kọ sára ìkọ́ jẹ́ agbára ìkọ́ náà nìkan. Kò sọ ohun tí ọkọ̀ lè fà. Ìkọ́ ní nọ́ńbà tirẹ̀, irin tí bọ́ọ̀lù jókòó lé ní tirẹ̀, bọ́ọ̀lù ní tirẹ̀, ẹnu tírélà àti táyà tírélà náà ní tiwọn. Èyí tó kéré jù nínú wọn ló ń pàṣẹ. Fún Miata, èmi ò ní gbà kí gbogbo rẹ̀ ju 600 páùn lọ, ìyẹn nǹkan bíi kìlógíráàmù 270, láìka ohun yòówù tí wọ́n kọ sára irin.

Mo rí ìkọ́ kan tí wọ́n ń tà fún gbígbé kẹ̀kẹ́. Ṣé n lè fi fa tírélà?

Rárá. Ìkọ́ tí wọ́n ṣe fún kẹ̀kẹ́ mọ ìwúwo tó ń tẹ̀ ẹ́ wálẹ̀. Tírélà ń fà á sẹ́yìn, ó ń tì í síwájú tí ẹ bá tẹ bíréèkì, ó sì ń gbọ̀n ọ́n sọ́tùn-ún sósì. Tí wọ́n bá ti kọ ọ́ síbẹ̀ pé kì í ṣe fún fífà, ẹ gbà wọ́n gbọ́.

Ṣé ìkọ́ NA lè wọ ND?

Kò lè wọ̀ ọ́. Ìran mẹ́rin ni Miata ní: NA láti 1990 dé 1997, NB láti 1999 dé 2005, NC láti 2006 dé 2015, lẹ́yìn náà ND. Ẹ fi ìran àti ọdún ọkọ̀ yín ra ìkọ́. NA àti NB jọra ní ọ̀pọ̀ nǹkan, síbẹ̀ ẹ bi ẹni tó ń tà á kí ẹ tó sanwó.

Ẹ bi í ní ohun kejì pẹ̀lú: ṣé ẹ máa yọ irin tó wà nínú bọ́ńpà ẹ̀yìn kí ìkọ́ tó wọlé? Irin yẹn ló ń gba ìkọlù nígbà tí ọkọ̀ mìíràn bá fi iwájú gbá yín lẹ́yìn. Ìkọ́ tó fi í sílẹ̀ ni mo fara mọ́.

Ṣé wẹ́dà lè bá mi jó o mọ́ ọn?

Ẹ má jẹ́ kó jó o mọ́ ara ọkọ̀. Miata kò ní ṣàsí tó dá dúró bíi ti ọkọ̀ akẹ́rù. Ara ọkọ̀ náà ni ṣàsí rẹ̀, páànù tí wọ́n ká tí wọ́n sì lẹ̀ pọ̀. Iná wẹ́dà á lu páànù fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ yẹn, á jó ọ̀dà tó ń dáàbò bo inú rẹ̀, ìpẹtà á sì bẹ̀rẹ̀ níbi tí ojú yín ò tó. Wẹ́dà tó mọṣẹ́ lè ṣe ìkọ́ náà fúnra rẹ̀ lórí tábìlì, ìyẹn kò burú. Bóòtì ni kó mú un mọ́ ọkọ̀, pẹ̀lú irin pẹlẹbẹ lódì kejì kí nọ́ọ̀tì má bàa fa páànù ya.

Ṣé mo lè fi ìkọ́ náà sí i fúnra mi?

Bẹ́ẹ̀ ni, tí ẹ bá ti yí bóòtì rí. Ẹ gbé ẹ̀yìn ọkọ̀ sórí ìdúró jáàkì, kì í ṣe orí jáàkì lásán. Nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀ ẹ ó ní láti tú rọ́bà tó gbé sálẹ́ńsà dání kí ó lè rọ̀ wálẹ̀ díẹ̀, kí ọwọ́ lè ráyè. Ẹ to gbogbo bóòtì sínú ihò wọn kí ẹ tó fún ẹyọ kan le. Lẹ́yìn náà kí ẹ fi sípánà oníwọ̀n fún wọn dé iye tó wà nínú ìwé ìkọ́ náà. “Ó ti le” tí ọwọ́ ń sọ kò tó níbí.

Lẹ́yìn ìrìn àkọ́kọ́ pẹ̀lú ẹrù, ẹ padà sábẹ́ ọkọ̀ kí ẹ fi sípánà náà yẹ̀ wọ́n wò. Ọ̀dà tó wà láàárín irin méjì máa ń jẹ, bóòtì á sì dẹ̀. Ọ̀pọ̀ ìkọ́ tó ń ró kẹ̀ǹkẹ̀ tí wọ́n ń bi wá nípa rẹ̀, ohun tó ń ṣe é ò ju ìyẹn lọ.

Ìpẹtà díẹ̀ wà níbi tí bóòtì máa wọ̀. Ṣé kí n bá a lọ?

Ẹ mú òòlù kékeré, kí ẹ kàn án. Tó bá dún bí irin tó le, tí ìpẹtà náà sì jẹ́ ti ojú lásán, ẹ ha á, kí ẹ kùn ún, kí ẹ bá iṣẹ́ yín lọ. Tó bá ń dún bọ̀ọ̀bọ̀, tàbí tí screwdriver wọlé, ẹ dúró ná. Àwọn ọkọ̀ tó ti lo òtútù púpọ̀ lápá àríwá Amẹ́ríkà, níbi tí wọ́n ti ń da iyọ̀ sójú títì, lè dára lójú kí wọ́n ti jẹrà nínú.

Bọ́ọ̀lù wo ni kí n rà?

Ẹ wo ẹnu tírélà. Wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀. Tírélà kékeré máa ń gba bọ́ọ̀lù íǹṣì kan àti méje nínú mẹ́jọ, tàbí íǹṣì méjì. Wọ́n súnmọ́ra tó bẹ́ẹ̀ tí ojú kò fi lè yà wọ́n sọ́tọ̀, ewu rẹ̀ sì wà níbẹ̀: ẹnu íǹṣì méjì á gun bọ́ọ̀lù kékeré, á dà bíi pé ó ti mú, kòtò àkọ́kọ́ á sì mú kó fò yọ. Tí ẹ bá ti pa á dé, ẹ di imú tírélà mú kí ẹ gbé e sókè. Ẹ̀yìn ọkọ̀ gbọ́dọ̀ bá a gòkè.

Ṣé ṣéènì pọn dandan?

Ó pọn dandan. Méjì ni, ẹ fi wọ́n kọjá ara wọn lábẹ́ imú tírélà kí ẹ tó fi wọ́n kọ́. Tí bọ́ọ̀lù bá jábọ̀, imú á já sínú ṣéènì tó sọdá ara wọn, kò ní gún ilẹ̀. Ẹ jẹ́ kó gùn tó láti yí kọ́nà, àmọ́ kó má wọ́ ilẹ̀.

Ọkọ̀ mi ti rẹlẹ̀. Báwo ni tírélà ṣe máa dúró?

Ó yẹ kó tẹ́ pẹrẹsẹ, tàbí kí imú rẹ̀ rẹlẹ̀ díẹ̀. Imú tó gbójú sókè ń kó ìwúwo lọ sẹ́yìn, èyí sì máa ń jẹ́ kí tírélà jù sọ́tùn-ún sósì. Lẹ́yìn Miata, imú tó rẹlẹ̀ jù ni ẹ ó sábà bá. Irin ìdúró bọ́ọ̀lù kan wà tí wọ́n tẹ̀ sókè; tí ẹ bá yí èyí tó tẹ̀ sísàlẹ̀ padà, ó lè bọ́ sí i bákan náà, bí ẹni tó ṣe é bá gbà bẹ́ẹ̀. Ẹ wọ̀n ọ́n nígbà tí ẹrù wà nínú tírélà, torí ẹ̀yìn ọkọ̀ á jókòó wálẹ̀ sí i.

Báwo ni mo ṣe ń so iná tírélà?

Níbí ni wọ́n ti ń ba ọkọ̀ jẹ́ jù, nítorí náà ẹ fara balẹ̀. Tírélà kékeré ní Amẹ́ríkà ní wáyà mẹ́rin tó tò sínú plug pẹlẹbẹ kan. Funfun ni ground, ọ̀nà tí iná ń gbà padà sí bátìrì. Èyí tó ní àwọ̀ ilẹ̀ ni iná alẹ́. Yẹ́lò ni òsì, gíríìnì ni ọ̀tún. Ẹ kíyè sí i pé kò sí wáyà bíréèkì tó dá dúró: gílóòbù kan náà ló ń ṣe bíréèkì tó tún ń ṣe tráfíkétọ̀.

Nínú Miata NA tí wọ́n tà ní Amẹ́ríkà, bíréèkì pupa yàtọ̀, tráfíkétọ̀ aláwọ̀ ọsàn yàtọ̀. Ẹ ò lè so wáyà mẹ́ta mọ́ méjì kí ẹ sì retí pé kí ó ṣiṣẹ́. Àpótí kékeré kan wà tí ń pa bíréèkì àti tráfíkétọ̀ pọ̀ fún tírélà. Ilé ìtajà ohun èlò ọkọ̀ ní i. Ẹ ra irú èyí tó ń gba iná tirẹ̀ tààrà láti ara bátìrì pẹ̀lú fíúsì, kó má bàa jẹ́ pé wáyà iná ẹ̀yìn ọkọ̀ ló ń ru ẹrù tírélà. Nínú ọkọ̀ tuntun tí kọ̀ǹpútà ń ṣọ́ iná, irú rẹ̀ nìkan ló yẹ kí ẹ rà.

NA àti NB rọrùn, torí inú búùtù ni bátìrì wọn wà. Ti NC àti ND wà níwájú, ẹ ó sì ní láti gba wáyà kọjá láti ìbẹ̀rẹ̀ ọkọ̀ dé òpin. Ẹ má gbà á kọjá ẹ̀gbẹ́ sálẹ́ńsà; ooru á yọ́ rọ́bà ara rẹ̀.

Tí iná bá ń ṣe wèrè, ìyẹn pé ẹ tẹ bíréèkì ni iná alẹ́ ń kú, tàbí ẹ fi tráfíkétọ̀ òsì ni méjèèjì ń ṣẹ́jú, ẹ má tíì pe rìwáyà. Ẹ wo wáyà funfun. Ẹ ha ọ̀dà ibi tí wọ́n dè é mọ́ títí irin á fi dán, kí ẹ tún un dè. Bọ́ọ̀lù àti ẹnu tírélà kì í ṣe ground, bó ti wù kí irin kan irin tó.

Báwo ni ẹrù mi ṣe wúwo tó gan-an?

Ó sábà máa ń wúwo ju bí ẹ ṣe rò lọ. Táyà 205/50R15 kan lórí rìmù fúyẹ́ tó nǹkan bíi 35 páùn, ìyẹn ni 140 fún mẹ́rin. Jáàkì aluminium, 35. Àpótí irinṣẹ́ tí ẹnikẹ́ni ò tíì ṣà, 50 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Kánópì, 45. Gálọ́ọ̀nù epo márùn-ún, 30 láìka kẹ́ẹ̀gì mọ́ ọn. Kúlà tó kún fún yìnyín àti omi, 40. Àga méjì àti ìdọ̀tí tí kò lórúkọ, 20. Ẹ ti ní 360 páùn, tírélà kékeré fúnra rẹ̀ sì máa ń tó 200 sí 250. Ẹ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ dé 600.

Tírélà ní ìwà kan: àyè tó bá ṣófo nínú rẹ̀ ń pe ẹrù. Ọ̀sẹ̀ yìí táyà nìkan ni, oṣù tó ń bọ̀ ẹ ó rí jẹnẹrétọ̀ níbẹ̀. Nítorí náà tírélà tó kéré ni kí ẹ rà, nǹkan bí ẹsẹ̀ bàtà mẹ́ta àbọ̀ sí mẹ́rin. Ẹ fi èyí tó jẹ́ ẹsẹ̀ mẹ́rin sí mẹ́jọ sílẹ̀ fún ẹlòmíràn.

Kí ni ìwúwo imú, báwo ni mo sì ṣe máa wọ̀n ọ́n?

Ó jẹ́ ohun tí imú tírélà ń tẹ̀ sórí bọ́ọ̀lù. Ní Amẹ́ríkà wọ́n ní kó wà láàárín ìdá 10 sí 15 nínú ọgọ́rùn-ún ìwúwo tírélà àti ẹrù. Tí gbogbo rẹ̀ bá jẹ́ 500 páùn, ẹ ń wá 50 sí 75. Ẹ gbé imú tírélà lé òṣùwọ̀n tí ẹ fi ń wọn ara yín nílé, pẹ̀lú pákó tó gbé e dé gíga bọ́ọ̀lù, lórí ilẹ̀ tó tẹ́, kí ẹ sì kà á.

Ohun tí ọ̀pọ̀ kò rò ni pé 60 páùn lórí bọ́ọ̀lù kì í ṣe 60 páùn lórí táyà ẹ̀yìn. Bọ́ọ̀lù wà lẹ́yìn táyà ẹ̀yìn, nítorí náà jangirọ́fà ni ọkọ̀ yín di. Ẹ jẹ́ ká ní láti táyà iwájú dé táyà ẹ̀yìn jẹ́ 90 íǹṣì, tí bọ́ọ̀lù sì jẹ́ 40 íǹṣì lẹ́yìn táyà ẹ̀yìn. 60 yẹn á di nǹkan bíi 87 lórí táyà ẹ̀yìn, á sì gba 27 kúrò lórí táyà iwájú, àwọn tí ẹ fi ń darí ọkọ̀. Ó kéré, kò ní pa yín lára. Ẹ fi 150 ṣe ìṣirò náà, kí ẹ wá wo ohun tó kù níwájú.

Ibo ni kí ẹrù wúwo wà nínú tírélà?

Táyà àti irinṣẹ́ kí ó wà lórí ọ̀pá táyà tírélà tàbí níwájú rẹ̀ díẹ̀, nísàlẹ̀ pátápátá. Kánópì àti àga lè wà lẹ́yìn. Tí ohun tó wúwo bá wà lẹ́yìn, imú á fúyẹ́, tírélà á sì bẹ̀rẹ̀ sí jù sọ́tùn-ún sósì bí eré bá pọ̀. Ọkọ̀ tó gùn tó sì wúwo lè gbà á mọ́ra. Miata kúrú, ó fúyẹ́, ìrù tírélà á máa darí rẹ̀.

Tó bá bẹ̀rẹ̀ sí jù, ẹ má tẹ bíréèkì gbà, ẹ má sì fi síárìnì lé e kiri. Ẹ gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí gíásì, ẹ di síárìnì mú tààrà, kí ẹ jẹ́ kí eré rẹ̀ rọlẹ̀ fúnra rẹ̀. Lẹ́yìn náà kí ẹ yà sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà, kí ẹ tún ẹrù tò. Ẹni tó bá bá a lọ láìtún un tò á tún pàdé rẹ̀ níbi tí ọ̀nà bá ti sọ̀ kalẹ̀.

Ẹ de gbogbo nǹkan mọ́lẹ̀ pẹ̀lú okùn onírátíṣẹ́ẹ̀tì. Wọ́n ṣe spring tírélà wọ̀nyí fún ẹrù tó ju tiyín lọ dáadáa, nítorí náà ó máa ń fò lórí gbogbo gegele.

Eré mélòó ni kí n sá?

Ẹ wo ara táyà tírélà. Táyà tí wọ́n kọ ST sí, ìyẹn táyà tí wọ́n ṣe fún tírélà, tí wọn kò sì kọ eré mìíràn sí, 65 máìlì ní wákàtí ni òpin rẹ̀, ìyẹn kìlómítà 105. Òfin ìpínlẹ̀ tún lè kéré sí i: ní California, ọkọ̀ tó bá ń fa ohunkóhun kò gbọ́dọ̀ ju 55 lọ, bó ti wù kí ọ̀nà ṣófo tó. Ó nira fún ẹni tó ra ọkọ̀ eré. Ẹ tètè jáde nílé.

Kí ló dé tí gbogbo ènìyàn ń pariwo bẹ́árìn?

Nítorí táyà kékeré. Táyà tírélà 4.80-8 ga ní nǹkan bí íǹṣì 16 àbọ̀. Táyà Miata tó wà lórí rìmù íǹṣì 15 ga ní 23. Nígbà tí ti ọkọ̀ bá yí lẹ́ẹ̀mẹ́wàá, ti tírélà ti yí lẹ́ẹ̀mẹ́rìnlá. Bẹ́árìn inú rẹ̀ sì máa ń wá láti ilé-iṣẹ́ pẹ̀lú gíríìsì tí kò tó nǹkan.

Kí tírélà tuntun tó jáde rárá, ẹ tú bẹ́árìn, ẹ nù ún, kí ẹ fi gíríìsì tó dára kún un. Ní ìdúró àkọ́kọ́ lójú ọ̀nà, ẹ fọwọ́ kan àárín rìmù méjèèjì. Ó lè lọ́ wọ́ọ́rọ́. Tó bá jó yín lọ́wọ́, ẹ má bá ìrìnàjò lọ. Ẹ mú bẹ́árìn kan àti táyà kan dání ní ìpamọ́, torí kò dájú pé ẹ ó rí ìwọ̀n yẹn rà ní ọjọ́ Àìkú lójú ọ̀nà.

Kí ni yóò ṣẹlẹ̀ sí kílọ́ọ̀ṣì àti bíréèkì mi?

Kílọ́ọ̀ṣì á jẹ díẹ̀ sí i, pàápàá lórí òkè. Ẹ fi bíréèkì ọwọ́ di ọkọ̀ mú, ẹ má fi kílọ́ọ̀ṣì dì í. Bíréèkì ni kí ẹ bọ̀wọ̀ fún: tírélà kékeré wọ̀nyí kò ní bíréèkì tiwọn, nítorí náà ti ọkọ̀ ló ń dá gbogbo rẹ̀ dúró. Ẹ jìnnà sí ọkọ̀ iwájú ju bí ẹ ti máa ń ṣe lọ. Tí ẹ bá ti fi páàdì ìdíje tó nílò ooru kó tó mú sí i láti ilé, ẹ yọ ọ́, kí ẹ lọ fi í sí i níbẹ̀.

Báwo ni mo ṣe ń fi í ṣe rífáàsì?

Tírélà tó kúrú ń yí kíákíá, ó sì kéré débi pé ẹ ò ní rí i nínú dígí títí yóò fi ká mọ́ ara ọkọ̀. Ẹ ri ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́ méjì mọ́ igun rẹ̀ kí ẹ lè máa rí wọn. Ìmọ̀ràn mi ni pé kí ẹ sọ̀kalẹ̀, kí ẹ tú u, kí ẹ fi ọwọ́ tì í. Kò sí ẹni tó máa fi yín ṣe yẹ̀yẹ́. Gbogbo wọn ló ń ṣe bẹ́ẹ̀.

Ṣé kí n fi bọ́ọ̀lù sílẹ̀ níbẹ̀ nígbà tí n kò fa nǹkan?

Ẹ yọ ọ́. Ó lè bo nọ́ńbà ọkọ̀, èyí tí àwọn ọlọ́pàá ìpínlẹ̀ kan kì í fojú fo, ojúgun yín náà á sì rí i kí ojú yín tó rí i. Ní ọjọ́ ìdíje, ẹ yọ ọ́ kí ẹ tó wọ pápá. Ní ti ìkọ́ fúnra rẹ̀, ẹ ka ìwé òfin ìpele tí ẹ ń díje nínú rẹ̀, torí ìpele kan le ju òmíràn lọ lórí ohun tí ènìyàn lè fi kún ọkọ̀.

Ṣé Mazda á fagi lé wáráńtì mi?

Ní Amẹ́ríkà, òfin Magnuson-Moss ti 1975 kò jẹ́ kí ilé-iṣẹ́ fagi lé gbogbo wáráńtì nítorí pé ẹ fi nǹkan mìíràn kún ọkọ̀. Àmọ́ tí wọ́n bá fi hàn pé ohun tí ẹ fi kún un ló ba ẹ̀yà kan jẹ́, wọ́n lè kọ̀ láti tún ẹ̀yà yẹn ṣe. Rédíò tó kú kò kan ìkọ́. Kílọ́ọ̀ṣì tó jó, wáyà ẹ̀yìn tó jó, tàbí páànù tó ya níbi bóòtì, ẹ má retí àánú.

Ìnṣọ́ránsì ńkọ́?

Ẹ pè wọ́n kí ẹ tó fà á, ẹ sọ òtítọ́, kí ẹ sì gba ìdáhùn wọn lórí ìwé. Ọ̀rọ̀ inú ìwé Mazda pé kí ẹ má fa tírélà ni agbẹjọ́rò ẹni tí ẹ bá kọlù máa kọ́kọ́ ṣí. Ìforúkọsílẹ̀ tírélà pẹ̀lú yàtọ̀ láti ìpínlẹ̀ sí ìpínlẹ̀, àwọn kan kò sì yọ èyí tó kéré sílẹ̀.

London ni mò ń gbé. Ṣé ohun tí ẹ kọ yìí bá mi mu?

Iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ bá yín mu, òfin rẹ̀ kò bá yín mu. Ní Britain, ọkọ̀ èrò tí wọ́n forúkọ rẹ̀ sílẹ̀ láti 1 August 1998 kò gbọ́dọ̀ lo ìkọ́ tí wọn kò fọwọ́ sí fún irú ọkọ̀ náà gan-an. Ẹ ò lè ra èyí tó wù yín láti Amẹ́ríkà kí ẹ dì í mọ́ ọn. Ẹ tún wo àwo VIN ara ọkọ̀, èyí tí nọ́ńbà ìdánimọ̀ rẹ̀ wà lórí rẹ̀: tí kò bá sí iye ìwúwo ọkọ̀ àti tírélà pọ̀ lórí rẹ̀, wọn kò fẹ́ kí ọkọ̀ yẹn fa ohunkóhun. Tí àwo tiyín kò bá ní i, ọ̀rọ̀ parí síbẹ̀.

Tó bá ní i, láti 16 December 2021 láísẹ́ńsì ọkọ̀ lásán ti tó fún tírélà tó dé 3,500 kìlógíráàmù. Tírélà tí kò ní bíréèkì kò gbọ́dọ̀ ju 750 kìlógíráàmù tàbí ìdajì ìwúwo ọkọ̀ yín, èyí tó bá kéré jù. Nọ́ńbà ọkọ̀ gbọ́dọ̀ wà lẹ́yìn tírélà. Eré rẹ̀ jẹ́ 60 máìlì lórí motorway àti 50 lójú ọ̀nà àárín ìlú sí ìlú tí kò ní ìpín. Wọ́n tún fẹ́ kí imú fúyẹ́ ju ti Amẹ́ríkà lọ, nǹkan bí ìdá 7 nínú ọgọ́rùn-ún, nítorí náà ẹ má gbé ìṣirò òkè yẹn wá síhìn-ín.

Ìkọ́ ti wà níbẹ̀. Ṣé mo lè fi fa jet ski tàbí ọkọ̀ ojú omi kékeré?

Jet ski tó jókòó lórí tírélà rẹ̀ lè ju 1,000 páùn lọ, ìyẹn nǹkan bí ìdajì ìwúwo ọkọ̀ tó ń fà á, láìsí bíréèkì. Kódà tí ìkọ́ bá gbà á, bíréèkì Miata kò ní gbà á lórí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́. Ẹ tún wo etí omi: ẹ ó fi ẹ̀yìn ọkọ̀ sọ̀ kalẹ̀ lórí kọnkéré tó tutù tó sì ń yọ̀, ẹ ó wá fẹ́ kí táyà ẹ̀yìn méjì nìkan fa gbogbo rẹ̀ gòkè. Ẹ háyà pick-up lọ́jọ́ yẹn.